Ojú Bàbá Onífótò Tí Wọ́n Fọ̀ Nù

Ní ọjọ́ tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ bàbá bàbá mi, obìnrin kan dúró níwájú ògiri ilé wa ní Pákátà. Ó tẹjú mọ́ póstà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ó sún mọ́ ọn, ó tún sún sẹ́yìn, ó wá yíjú sí mi.

"Ọmọ mi, ta ni olóògbé yìí? Ilé Bàbá Onífótò ni mo ń bọ̀."

Obìnrin yìí kì í ṣe àjèjì. Ìyá Oníkòkò ni, tó ń mọ ìkòkò ní Dàda, tó ti mọ Bàbá tipẹ́tipẹ́. Bí ẹni tó mọ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ bá wo àwòrán rẹ̀ tó ń béèrè ẹni tó kú, a jẹ́ pé òkú méjì la ní: ọ̀kan wà nínú ilẹ̀, èkejì wà lára ògiri. Ti àkọ́kọ́, àṣẹ Ọlọ́hun ni, mi ò lẹ́nu láti fi jiyàn rẹ̀. Ti èkejì, ènìyàn ló ṣe é, mo sì mọ ẹni tó ṣe é. Ẹjọ́ rẹ̀ ni mo ń rò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé inú ló ń bí mi lásán. Bàbá ní ilà àbàjà tó là á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ní ìbú, tó jinlẹ̀ débi pé tó bá rẹ́rìn-ín, ilà á kọ́kọ́ rìn kí eyín tó yọ. Nínú póstà, kò sí ilà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán bíi abọ́ tánganran. Ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ wálẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, nítorí ojú yẹn ló máa ń dì nígbà tó bá ń fi èkejì wo inú kámẹ́rà. Wọ́n gbé e sókè kó lè bá ẹnìkejì rẹ̀ mu. Àpá kan wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, wọ́n pa á rẹ́. Bàbá sì dúdú. Mi ò ní ó dúdú díẹ̀. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò tó ti pẹ́ lórí iná, ó sì máa ń fi yangàn. Wọ́n sọ ọ́ di aláwọ̀ ọ̀sàn tó fẹ́ẹ́ pọ́n. Irùngbọ̀n rẹ̀ tí funfun rẹ̀ ní eérú nínú, wọ́n sọ ọ́ di òwú. Wọ́n wá kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ gbogbo ẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá kọ orúkọ onílé sára ilé onílé.

Èyí tó dùn mí jù ni pé Bàbá ni wọ́n ṣe é fún. Nínú gbogbo ènìyàn tó ń bẹ ní Ìlọrin, òun.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Táíwò Road, láàárín ẹni tó ń ta bàtà àti ẹni tó ń tún rédíò ṣe. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ẹ̀bá fèrèsé yẹn ni àga oníbàárà wà. Ó ní iná ńlá méjì tó lè tàn sí ènìyàn lójú, ṣùgbọ́n inú àpótí ni wọ́n ń gbé. Iná náà ni àwọn onífótò yòókù fi ń mú iṣẹ́ rọrùn fún ara wọn, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ni Bàbá ń lò. Bàbá á ní kó o jókòó, á ní kó o yí díẹ̀, á tún ní kó o padà síbi tó o wà tẹ́lẹ̀, á wá dúró láìsọ̀rọ̀ títí tí wàá fi gbàgbé pé fótò lo wá yà. Ìgbà yẹn ló máa tó tẹ̀ ẹ́.

Bó o bá sì yà á tán, kò ní gbé e fún ẹlòmíràn bá ọ gbé. Àṣà rẹ̀ nìyẹn, ó sì fi lé ọ̀pọ̀ oníbàárà lọ. Ìwọ fúnra rẹ lo máa wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Á mú fótò náà jáde sí ẹ̀yìn ìta, níbi tí oòrùn ò ti pọ̀ jù, á nà án síwájú rẹ, á ní, "Gbé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ sí i." Wàá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ nínú fótò. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú àti funfun ni, Bàbá mọ bí dúdú ṣe ń dọ́gba. Tí kò bá dọ́gba, á fà á ya lójú rẹ, á padà sínú yàrá òkùnkùn níbi tó ti ń fọ fótò. Tó bá dọ́gba, kò ní rẹ́rìn-ín, kò ní sọ pé ó dára. Ohun tó máa sọ ò ju "Ó dọ́gba" lọ.

Ààfáà kan wà ládùúgbò wa tó máa ń fi Bàbá ṣe wàásù. Ó ní ẹni tó ń ya àwòrán, wọ́n á ní kó fẹ́ ẹ̀mí sí i lọ́run. Bàbá á jókòó sí ìlà kejì nínú mọ́sáláṣí, á máa gbọ́ ọ, á sì ṣe àmín bó bá parí. Nígbà tí Ààfáà wá fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, ó nílò fótò fún pásípọ́ọ̀tù. Gbogbo wa là ń retí ohun tí Bàbá máa ṣe. Ó ní kí Ààfáà jókòó, ó yà á bó ṣe ń ya gbogbo ènìyàn, ó ní kó padà wá lọ́la.

"Onífótò, ọ̀la kẹ̀? Wọ́n ń gba ìwé lónìí."

"Ọ̀la, Ààfáà. Ẹ ò tíì gbé ọwọ́ sí i."

"Wọ̀láì, fún mi bẹ́ẹ̀. Ta ló ń wo ojú ènìyàn ní Mẹ́kà?"

"Ẹ fẹ́ kí ojú yín dúró sílé, kí ẹ̀yin máa lọ?" ni Bàbá wí.

Ààfáà padà wá lọ́jọ́ kejì. Ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sí i. Ó dọ́gba. Láti ọjọ́ yẹn, orí àwọn tó ń ta ọtí ni wàásù rẹ̀ bọ́ sí.

Ìjà tó tún máa ń jà nígbà gbogbo ni ti pípupa. Ìyàwó ọ̀ṣìngín kan wá láti Òkè-Malé, arẹwà ọmọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi jẹ́ kí n pupa díẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Kánò, ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ọkọ mi."

"Ọkọ rẹ ti rí ọ rí?"

"Ó ti rí mi, sà."

"Nínú oòrùn?"

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Nínú oòrùn, sà."

"Ó sì ṣì ń fẹ́ ọ. Kí lo wá fẹ́ kí n bá ọ tọrọ àforíjì lé lórí?"

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti gbé gbólóhùn yẹn dé yunifásítì, mo ti lò ó fún àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń bó ara.

Bàbá ò da nẹ́gátíìfù nù. Fótò lè sọnù, ó lè já, eku lè jẹ ẹ́, kò ka ìyẹn sí nǹkan. Ṣùgbọ́n pẹlẹbẹ fíìmù tó ti inú kámẹ́rà jáde, tí ojú ènìyàn wà nínú rẹ̀ bí iwin, tí dúdú jẹ́ funfun tí funfun jẹ́ dúdú, ìyẹn kò gbọdọ̀ sọnù. Inú agolo bisikíìtì ló ń kó wọn sí, lábẹ́ ibùsùn. Ìyá àgbà, ìyàwó rẹ̀, Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí iná ọ̀run rí i, máa ń bá a jà lórí ẹ̀ títí.

"Baba Sálíù, àwọn wo lò ń kó sábẹ́ ibùsùn mi yìí? Ìdajì nínú wọn ti kú."

"Ìyẹn náà ni mi ò ṣe lè dà wọ́n nù."

"Ibi tí màá gbé bàtà mi sí ńkọ́?"

"Fótò lọmọ," ni Bàbá wí, "èyí ni ìyá. Ọmọ lè kú, kí ìyá sì tún bí òmíràn."

Ìyá àgbà gbé bàtà rẹ̀ sórí àpótí. Nígbà tí òun náà wá kú, inú agolo yẹn la ti bí i lẹ́ẹ̀kan sí i, láti gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Mo fẹ́ sọ ti ilé ìfọfótò aláwọ̀ báyìí. Mi ò ní dárúkọ wọn, wọn ò sì sí lágbègbè yẹn mọ́. Ìgbà tí mo wọ yunifásítì ló dé: ilé onígíláàsì, afẹ́fẹ́ tútù, ẹ̀rọ ńlá kan tó ń gbé fíìmù mì lápá kan, tó ń pọ fótò jáde lápá kejì. Gbogbo ìlú sáré lọ síbẹ̀. Bàbá náà ń gbé fíìmù aláwọ̀ lọ, nítorí àwọn oníbàárà ò fẹ́ dúdú àti funfun mọ́. Gbogbo fótò tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ ló ń ní kí wọ́n gbé ọwọ́ sí. Kò sí èyí tó dọ́gba. Bàbá á kó fótò, á padà lọ bá wọn.

"Bàbá, ẹ̀rọ ló ṣe é," ni ọ̀gá ibẹ̀ máa ń wí.

"Ta ló kọ́ ẹ̀rọ?"

"Bó ṣe ti òkè òkun dé náà nìyẹn."

"Kò tíì rí ènìyàn dúdú nígbà náà. Ẹ fi hàn án."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Bàbá yìí mà ń pa àwọn lẹ́rìn-ín o. Kò sì sí ẹni tó ń tún un ṣe. Ẹ̀sùn kan nìyẹn tí mi ò ní lè fi kan ẹnikẹ́ni ní kóòtù, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ Ìyá Oníkòkò kan wà nígbà náà tó ń jẹ́ Ṣàkírù. Ìyá rẹ̀ gbé e wá ya fótò aláwọ̀ nígbà Iléyá, nínú agbádá kékeré. Kí fótò tó ti ilé ìfọfótò dé, ìgbóná ara mú ọmọ náà, ó sì gbé e lọ. Fótò náà wá di èyí nìkan tí ìyá rẹ̀ ní. Nígbà tí Bàbá fi hàn án, obìnrin náà wò ó, ó gbé e padà fún un wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ ṣé o, Bàbá. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹlòmíràn nìyí." Kò sunkún. Ó ṣe bí ẹni tí wọ́n ṣi ẹrù gbé fún.

Bàbá lọ sí ilé onígíláàsì, ó dúró síbẹ̀ títí, wọn ò dá a lóhùn. Ló bá gbé nẹ́gátíìfù náà padà wá sí ṣọ́ọ̀bù láti fi tẹ fótò dúdú àti funfun fúnra rẹ̀, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ẹnikẹ́ni kì í wọ yàrá òkùnkùn rẹ̀. Ìyá àgbà ò wọ ibẹ̀ rí. Èmi tó fẹ́ràn jù, ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni mo mọ. Ó mú Ìyá Oníkòkò lọ́wọ́, ó mú un wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ohùn wọn láti ìta.

"Ìwé ló wà nínú omi yìí. Funfun ni báyìí. Ojú rẹ̀ máa jáde díẹ̀díẹ̀, tí mo bá fi sílẹ̀ ó máa dúdú kọjá. Mi ò mọ ibi tó yẹ kó dúró, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Bó o bá rí i, sọ̀rọ̀."

Omi ń dún nínú abọ́.

"Irun rẹ̀ nìyẹn," ni obìnrin náà wí.

"Ó kù?"

"Ó kù." Omi tún dún. "Ó kù díẹ̀, Bàbá. Ó dúdú ju báyìí lọ. Mo máa ń pè é ní èédú mi." Nígbà tó ṣe, ohùn rẹ̀ yàtọ̀. "Òun nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."

Wọn ò jáde kíákíá. Nígbà tí wọ́n jáde, Bàbá ò ní kó gbé ọwọ́ sí i. Mo bi í nírọ̀lẹ́ ìdí rẹ̀. Ó ní, "Ènìyàn kì í dá mọ ojú, Àṣàkẹ́. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ló ń bá a mọ̀ ọ́n." Bàbá nìkan ló ń pè mí ní Àṣàkẹ́. Gbogbo ilé, Sídí ni wọ́n ń pè mí. Àṣàkẹ́ náà ti kú báyìí.

Ó dà bíi pé ọjọ́ yẹn ni ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Kò bá ilé onígíláàsì ṣe mọ́, àwọn ènìyàn ò sì fẹ́ dúdú àti funfun. Ọjà ẹni tó ń ta bàtà ń pọ̀ sí i, ó ń to bàtà dé ẹnu ọ̀nà Bàbá. Mo ti ń gbé ládùúgbò Basin nígbà náà, mo ń kọ́ni, mo máa ń yà síbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Lọ́jọ́ kan mo bá a lórí àga oníbàárà, lẹ́bàá fèrèsé, tó kọjú sí kámẹ́rà tí ẹnikẹ́ni ò dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo ń bá àga ṣeré ni, kó má baà gbàgbé ènìyàn."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ó ní kí n má rẹ́rìn-ín, kí n lọ dúró lẹ́yìn kámẹ́rà kí n ya òun. Mo di ojú òsì mi bíi tirẹ̀. Mo dúró bó ṣe máa ń dúró, títí ó fi gbàgbé pé mo wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ wá di ti ẹni tó dá wà. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó fọ fíìmù náà, ṣùgbọ́n kò tẹ fótò rẹ̀ jáde. Mo béèrè títí, ó ní, "Ta ló máa sọ fún mi pé èmi nìyẹn? Mi ò mọ ojú mi. Ìyá Sálíù tó mọ̀ ọ́n ti lọ." Ó gbé nẹ́gátíìfù náà sínú agolo. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀, wọ́n á mọ ibi tó wà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Alájì Sálíù, ló mọ ibi tó wà, tí kò sì lọ síbẹ̀. Mo fẹ́ ṣe ẹ̀tọ́ sí i. Ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀, ó sunkún lójú sàréè débi pé wọ́n dì í mú. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn nǹkan tuntun pẹ̀lú. Ní ọdún tí gbogbo ayé ń sọ pé kọ̀ǹpútà máa daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rúndún bá yí, ó ti Jẹ́dà gbé kámẹ́rà kan bọ̀ tí kò lo fíìmù. Fulọ́pì ló ń jẹ, èyí tí a máa ń fi sínú kọ̀ǹpútà. Ó ya Bàbá níwájú ilé, ó sì fi hàn án lójú ẹsẹ̀ nínú gíláàsì kékeré tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Bàbá wò ó, ó yí kámẹ́rà náà po, ó yí i padà.

"Nẹ́gátíìfù rẹ̀ dà?"

"Kò ní, Bàbá. Ayé tuntun ni."

"Ọmọ tí kò níyàá," ni Bàbá wí, ó sì gbé e padà fún un.

Alájì ò gbà. Ó ní kí Bàbá tẹ̀ lé òun lọ sọ́dọ̀ Káyọ̀dé, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ládùúgbò Post Office, kó lọ wo bí wọ́n ṣe ń tún fótò ṣe nínú kọ̀ǹpútà. Ọmọ Ìgbómìnà ni Káyọ̀dé, ó ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ti fótò kún un, kò sì tíì mọ irú ètò kọ̀ǹpútà tó yẹ kó mú. Mo bá wọn lọ.

"Méjì ni mo ní, Bàbá," ni Káyọ̀dé wí. "Èyí àkọ́kọ́, bọ́tìnnì kan ni. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ó máa mú ojú mọ́, ó máa pa àpá rẹ́, ó ti parí. Èkejì, ọwọ́ lẹ máa fi ṣe gbogbo ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ lọ́tọ̀, òkùnkùn lọ́tọ̀, àwọ̀ lọ́tọ̀. Ó sì ń falẹ̀. Ẹ lè lọ kírun kẹ́ ẹ padà wá bá a níbi tẹ́ ẹ fi í sí."

"Èwo lo fẹ́ràn?"

"Èyí tó yá, sà. Àwọn ènìyàn ò ní sùúrù."

"Tí mo bá ṣì í ṣe ńkọ́? Tí mo ti rìn jìnnà, tí mo wá rí i pé ojú yìí kọ́?"

Káyọ̀dé ronú. "Èyí àkọ́kọ́, tó bá ti tọ́jú ẹ̀, orí ti tẹ́lẹ̀ ló máa tọ́jú ẹ̀ sí. Ti tẹ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn. Èkejì kì í fọwọ́ kan ti tẹ́lẹ̀. Ó kàn ń rántí ohun tẹ́ ẹ ṣe sí i ni, ẹ sì lè tú u palẹ̀."

"Èyí tó mọ ọ̀nà ilé ni kó o mú."

Alájì bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, ẹ ti ń yàn fún wa."

"Mo ti ṣìnà rí," ni Bàbá dá a lóhùn.

Kò pẹ́ tí Bàbá fi kú. Ó sùn lẹ́yìn ìrun Àsárì, kò jí fún Mọ̀ngáríbà. Wọ́n sin ín láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ìròyìn tó bá mi níbi iṣẹ́. Ẹ̀sùn yẹn, mi ò ní fi kan ẹnikẹ́ni, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí nìyẹn, ṣùgbọ́n mi ò rí ojú rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ tó kù dá lé e.

Mo lọ bá Alájì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹjọ náà.

"Alájì, ojú ta ni ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri?"

"Ojú bàbá mi. Àbí tìẹ nìkan ni?"

"Ilà rẹ̀ dà?"

"Ilà wo, Sídí? Ayé ti là. Àwọn àna mi ń bọ̀ láti Kàdúná, ṣé ilà ni kí wọ́n wá máa kà?"

"Kí wọ́n wá wo ẹni tó kú."

"Gbogbo ènìyàn ló ní ó rẹwà. Ìwọ tí ìwé ti pọ̀ jù lórí ẹ nìkan lo rí àléébù." Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Kò wu èmi kí n máa rántí ẹ̀ bí arúgbó. Ṣó yé ẹ?"

Ó yé mi. Kò mú un tọ́. Àwòrán yẹn náà ni wọ́n fẹ́ fi ṣe kàlẹ́ńdà fún ogójì ọjọ́, tí wọ́n máa pín dé gbogbo ilé. Mo lọ bá Káyọ̀dé pé kó fún mi ní èyí tó ti inú kámẹ́rà Alájì jáde gangan, kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Kò lè wò mí lójú.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Alájì ní kí n ṣe é kíá. Èyí oníbọ́tìnnì ni mo fi ṣe é."

"Ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti lọ. Orí ẹ̀ ló tọ́jú ẹ̀ sí."

"Bàbá sọ fún ọ. Mo jókòó síbí."

"Wọ́n sọ fún mi, mà."

Mo padà sí Pákátà, mo wọ abẹ́ ibùsùn. Mo rí nẹ́gátíìfù fótò tí mo ya Bàbá lórí àga oníbàárà nínú agolo tó wà lókè pátápátá, bí ẹni tó mọ̀ pé mo ń bọ̀. Mo gbé e lọ bá Káyọ̀dé, ó fi í sí ẹ̀rọ tó ń ka àwòrán sínú kọ̀ǹpútà, ó sì ṣí ètò kejì, èyí tó mọ ọ̀nà ilé. Bàbá jáde sójú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àwọ̀ eérú, kò mú, kò là, bí ẹni tó dúró sẹ́yìn ọyẹ́. Gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀: ilà, ìpéǹpéjú, àpá. Ó kù kí n fún un ní dúdú rẹ̀.

Mo fa òkùnkùn síwájú, mo fà á sẹ́yìn. Mo bu ìmọ́lẹ̀ kù, mo tún bù ú kún un. Nígbà kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á dúró, á ronú, àwa náà á dúró. Gbogbo ẹ̀ ló jọ ọ́. Kò sí èyí tó jẹ́ òun. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí, nítorí mo rí i pé bí mo bá di ojú, ojú tó ń wá kì í ṣe ti Bàbá mọ́. Ti póstà ni. Mo ti ń kọjá níwájú ògiri yẹn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó ti wọ inú ojú mi, ó ti tọ́jú ara rẹ̀ sórí ti tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Dàda, mo mú Ìyá Oníkòkò wá sí Post Office. Amọ̀ ṣì wà léèékánná rẹ̀. Mo fi àga fún un níwájú kọ̀ǹpútà.

"Ìyá, mo máa mú un dúdú díẹ̀díẹ̀. Mi ò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Bí ẹ bá rí i, ẹ sọ̀rọ̀."

Ó mọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ. Ó fi ìborùn rẹ̀ nu ojú, ó kọjú síwájú.

"Ó kù," ni ó wí. "Ó kù. Bàbá yẹn dúdú, jàre, kí lò ń bẹ̀rù?" Káyọ̀dé rẹ́rìn-ín. Mo fà á síwájú. Kọ̀ǹpútà dúró, ó ronú. Nígbà tí ojú náà padà jáde, ilà ti jinlẹ̀, ìpéǹpéjú òsì ti wálẹ̀, Bàbá sì jókòó lẹ́bàá fèrèsé bó ṣe jókòó lọ́jọ́ yẹn, tó ń bá àga ṣeré.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ kú ìkàlẹ̀, Bàbá," ni ó wí. Ó wá yíjú sí mi. "Òun nìyẹn. Má fọwọ́ kàn án mọ́."

Mo gbé ọ̀kan lọ fún Alájì. Ó mú un dání, àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí ilà. Ó ní, "Gbé e síbẹ̀ yẹn." Kàlẹ́ńdà jáde ní ọjọ́ ogójì pẹ̀lú ojú ti póstà. Ó wà nínú gbogbo ilé ní Pákátà báyìí, wọ́n ń fi ka ọjọ́. Àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, òun ni wọ́n á máa pè ní Bàbá.

Ọ̀kan yòókù wà lára ògiri mi ní Basin, lẹ́bàá fèrèsé. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí mo bá ti kírun tán tí kò sí ibi tí mo máa yà sí mọ́, mo máa ń dúró níwájú rẹ̀, mo máa ń gbé ẹ̀yìn ọwọ́ mi sí i. Ó dọ́gba. Mo máa ń sọ ọ́ sókè, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń sọ ọ́, mo sì máa ń dúró díẹ̀, bóyá ẹnìkan á pè mí ní Àṣàkẹ́.